Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ọjọ́ Kan ní Orí Òkè Ìdànrè

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa ọ̀wọ́n, Àkúrẹ́ ni èmi àti ọkọ mi ń gbé, a sì fẹ́ kó àwọn ọmọ wa lọ sí orí Òkè Ìdànrè nígbà ìsinmi tí ń bọ̀. Ẹnìkan sọ fún wa pé adágún omi ńlá kan wà lórí òkè náà, tí àwọn ọmọ lè lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀. Ṣé òótọ́ ni? Ǹjẹ́ ọjọ́ kan tó láti lọ kí á sì padà? Ìyá ọkọ mi, tí wọ́n ti lé ní ẹni 70 ọdún, ní àwọn náà yóò bá wa lọ. Ṣé kí á gbà fún wọn?
— Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́ta, Àkúrẹ́

ÌDÁHÙN: Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ títọ́, ìyá wa. Ẹni tí ó sọ ọ̀rọ̀ adágún ńlá fún yín ti bu iyọ̀ sí i. Omi tí ẹ óò bá lórí òkè náà ni odò Arun, àti àwọn ojú ihò inú àpáta tí òjò máa ń kún. Àwọn ará Ìdànrè gbà pé omi Arun ní agbára ìwòsàn, nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí àwọn ọmọ kó wọ inú rẹ̀ láìjẹ́ pé amọ̀nà tí ó jẹ́ ọmọ ìlú ti fún yín ní àṣẹ.

Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tìtorí omi nìkan gun òkè yìí. Ìlú odidi ló wà lókè níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ni àwọn ará Ìdànrè fi gbé láàárín àwọn àpáta wọ̀nyí, kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1923. Ẹ óò rí ààfin àtijọ́ ti Ọwá, ìyẹn ọba Ìdànrè, ilé ẹjọ́ àtijọ́, ilé agogo, àwọn ojúbọ àti ibi ìsìnkú. Ẹ óò rí ipa ẹsẹ̀ Agbóógun lára àpáta, èyí tí ìtàn ìlú sọ pé ó máa ń bá ẹsẹ̀ gbogbo ẹni tí ó bá tẹ̀ ẹ́ mu, ìbáà jẹ́ ọmọdé tàbí àgbà. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ yín yóò ti fẹ́ pẹ́ jù. Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí amọ̀nà fi òkè Orósùn hàn yín láti òkèèrè, kí ó sì sọ ìtàn Orósùn, òrìṣà tí wọ́n ń ṣe ọdún rẹ̀ nínú oṣù Karùn-ún. Láti ọdún 2007 ni òkè yìí ti wà lára àwọn ibi tí Nàìjíríà fi orúkọ wọn ránṣẹ́ sí àjọ UNESCO pé kí wọ́n gbé yẹ̀wò fún ipò ohun àjogúnbá àgbáyé, síbẹ̀ mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ọmọ Àkúrẹ́ ni kò tíì débẹ̀ rí, ó sì ń dùn mí gan-an.

Ọjọ́ kan tó, bí ẹ bá tètè jí, nítorí ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Ìdànrè kò jìn. Àtẹ̀gùn tí ẹ óò gùn lé ní 600, àpáta sì máa ń gbóná janjan bí oòrùn bá ti mú, nítorí náà ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ún kí oòrùn tó ga. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló dára jù. Bí òjò bá rọ̀, àpáta á máa yọ̀, ẹ kò sì gbọdọ̀ kúrò lójú ọ̀nà tí amọ̀nà ń tọ̀.

Ní ti ìyá, ẹ gbà fún wọn, nítorí ìtàn ìlú a máa dùn sí i bí àgbà bá wà níbẹ̀ tí ó ń bi amọ̀nà ní ìbéèrè tí ọmọdé kò mọ̀ ọ́n bi. Ibùsinmi márùn-ún ló wà lójú àtẹ̀gùn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gùn ún dé ibi tí orúnkún wọn bá gbé wọn dé, kí ẹ̀yin tàbí ọkọ yín sì jókòó tì wọ́n níbẹ̀ títí àwọn yòókù yóò fi sọ̀kalẹ̀.