Ṣé kí n pe 3♠ ni, àbí kí n páàsì?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Ìlú Oǹdó ni mo ti ń kọ̀wé. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wá ṣe ìdíje bíríìjì, eré káàdì, ẹlẹ́ni méjì-méjì ní Akúrẹ́ lọ́jọ́ Sátidé. Tábìlì méje ni a jẹ́. Bọ́ọ̀dù kẹtàlá ni ó bà mí lọ́kàn jẹ́. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ni ó wà nínú ewu (ìyẹn ni pé ìjìyà ìkùnà pọ̀ sí i). Ẹ̀gbọ́n mi tí ó jókòó sí Àríwá ṣí ìpè pẹ̀lú 1♠ (ìlérí láti jẹ tíríìkì, ìyẹn ìyípo káàdì mẹ́rin, mẹ́fà àti ẹyọ kan, kí ♠ sì jẹ́ tírọ́ǹpù, ẹ̀yà tí ó ń borí yòókù), Ìlà-Oòrùn pe 2♥, èmi pe 2♠, Ìwọ̀-Oòrùn pe 3♥. Ẹ̀gbọ́n mi ronú fún ìgbà pípẹ́, ó wá páàsì (kò pe nǹkan kan). Ìlà-Oòrùn náà páàsì, ó sì kàn mí. Ohun tí mo mú dání nìyí: ♠ K 8 6, ♥ Q 7 2, ♦ K J 5 3, ♣ 9 6 4. Mo pe 3♠. Tíríìkì méjì ni a fi kùnà, a kọ −200, a kò sì rí máàkì kan ṣoṣo gbà. Nínú àwọn mẹ́fà yòókù tí wọ́n mú káàdì kan náà, mẹ́rin kọ −140, méjì kọ −100. Kí ni ó yẹ kí n ṣe?

Ìdáhùn: Páàsì ni. Kì í ṣe nítorí pé pọ́íǹtì 9 (iye àwọn káàdì ńlá yín) kéré, nítorí pọ́íǹtì kọ́ ni a ń kà níbi tí ọ̀rọ̀ dé yìí. Pọ́íǹtì ni a fi ń mọ̀ bóyá a lè dé géèmù, ìpè tí ó ní ẹ̀bùn ńlá, bíi 4♠ tàbí 3NT (tíríìkì mẹ́sàn-án láìsí tírọ́ǹpù). Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀gbẹ́ méjì tí agbára wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba bá ń lé ara wọn gòkè, bí àwọn oníkòkó méjì tí wọ́n ń fi owó lé owó lórí àpò kan náà títí ọ̀kan yóò fi rà á ní iye tí kò ti lè jèrè mọ́, iye tírọ́ǹpù ni ó yẹ kí a kà.

Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Jean-René Vernes, ṣàlàyé rẹ̀ nínú àpilẹ̀kọ kan ní 1969 pé, bí a bá ro tíríìkì tí ẹ̀gbẹ́ wa lè jẹ nínú ẹ̀yà tí ó dára jù fún wa pọ̀ mọ́ èyí tí àwọn alátakò lè jẹ nínú tiwọn, àpapọ̀ rẹ̀ sábà máa ń sún mọ́ àpapọ̀ tírọ́ǹpù tí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ní. Kì í ṣe òfin tí kì í yẹ̀. Ó lè fi tíríìkì kan lé tàbí kí ó fi kan dín. Síbẹ̀, n kò tíì rí ìṣirò mìíràn tí ènìyàn lè yára ṣe lórí ìjókòó tí ó sàn jù ú lọ.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe é láti orí àga yín. Ẹ̀gbọ́n yín tí ó ṣí pẹ̀lú 1♠ ní márùn-ún, ẹ̀yin ní mẹ́ta, ó di mẹ́jọ. Ó lè ní mẹ́fà, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní mẹ́fà tí ó sì ti gbọ́ pé ẹ ti òun lẹ́yìn ìbá ti pe 3♠ fúnra rẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó padà dé ọ̀dọ̀ yín. Àwọn alátakò ńkọ́? Ẹ̀yin mú ♥ mẹ́ta dání. Bí ẹ̀gbọ́n yín bá ní méjì, mẹ́jọ ni tiwọn náà. 8 àti 8 jẹ́ 16. Ayaba ♥ yín tún wá burú fún ìpè, torí ó lè gba tíríìkì lọ́wọ́ àwọn alátakò bí ♥ bá jẹ́ tírọ́ǹpù, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ♠ ni, ó ṣeé ṣe kí ó má wúlò rárá.

Bí tíríìkì bá jẹ́ 16 lápapọ̀, ọ̀nà mẹ́ta ni ó sábà máa ń gbà pín. Bí ẹ bá lè jẹ 9, àwọn yóò jẹ 7: 3♠ yóò fún yín ní 140, ṣùgbọ́n bí ẹ bá páàsì, wọn yóò fi méjì kùnà, ẹ ó sì gba 200. Bí ó bá jẹ́ 8 sí 8, 3♠ jẹ́ −100, páàsì jẹ́ +100. Bí ó bá jẹ́ 7 sí 9, bí ó ṣe rí lọ́jọ́ náà, 3♠ jẹ́ −200, páàsì jẹ́ −140. Kò sí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí 3♠ ti borí. Ká ní ẹ páàsì ni, ẹ̀yin ni ìbá di ẹnìkarùn-ún tí ó kọ −140, ẹ ó sì gba máàkì 4 nínú 12 (ẹyọ kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn tí ẹ bá dọ́gba). Máàkì 4 kò tó ohun tí à ń yọ̀ sí, àmọ́ kì í ṣe òfo. Ní ìdíje ẹlẹ́ni méjì-méjì, −200 lórí bọ́ọ̀dù tí ẹnikẹ́ni kò ti ní géèmù máa ń burú ju ohun tí gbogbo ènìyàn yòókù kọ lọ.

Ẹ wá wo ohun tí tírọ́ǹpù kan péré lè yí padà. Bí ♠ yín bá jẹ́ mẹ́rin, àpapọ̀ di 17. Bí ẹ bá jẹ 9, àwọn jẹ 8: 140 sàn ju 100. Bí ẹ bá jẹ 8, àwọn jẹ 9: −100 sàn ju −140. Nígbà náà, ẹni tí ó bá páàsì ni yóò máa wá béèrè lọ́wọ́ mi.

Dọ́bù, ìpè tí ó ń sọ èrè tàbí ìjìyà ìpè alátakò di púpọ̀, ńkọ́? Ní ìdíje ẹlẹ́ni méjì-méjì, àwọn àgbà nínú eré yìí máa ń ṣe é nígbà tí ó bá dá wọn lójú pé àwọn ni wọ́n ní agbára jù, torí bí 2♠ ìbá ti fún wọn ní 110, kí alátakò fi ẹyọ kan kùnà fún 100 kò tó wọn. Dọ́bù ni yóò sọ ọ́ di 200. Pẹ̀lú pọ́íǹtì 9 yín, agbára kò dá yín lójú tó bẹ́ẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ ìdíje ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́rin, ẹ má tilẹ̀ rò ó: bí 3♥ tí a dọ́bù bá jẹ, −730 rọ́pò −140, IMP (máàkì ìdíje ẹgbẹ́) 11 sì lọ nìyẹn, nígbà tí èrè tí ẹ̀ ń lé kò ju IMP 3 lọ.

Ṣùgbọ́n gbólóhùn kan wà nínú lẹ́tà yín tí ẹ sọ bí ẹni pé kò já mọ́ nǹkan: ẹ̀gbọ́n yín ronú fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n kọ́ wa nílé pé ọmọ tí a tọ́, ojú ni a fi ń bá a sọ̀rọ̀. Bí àgbà bá dákẹ́ lọ́nà kan, a ti mọ ohun tí ó fẹ́. Lórí tábìlì bíríìjì, ẹ̀kọ́ ilé yìí gan-an ni òfin kà léèwọ̀. Ìrònú gígùn náà sọ fún yín pé kò wù ú kí ó páàsì, ìyẹn sì ń tì yín síhà 3♠ tàbí dọ́bù. Níwọ̀n bí ẹni tí ó mọ eré ti lè páàsì pẹ̀lú irú káàdì yín, ẹ kò ní ẹ̀tọ́ láti yan ohun tí ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ tọ́ka sí. Ká ní 3♠ jẹ ni, àwọn alátakò lè pe adájọ́ ìdíje, ó sì lè dá èsì náà padà sí 3♥. Nítorí pé ó kùnà, kò sí ẹni tí ó ṣàròyé. Èmi náà ti ṣe irú rẹ̀ rí, adájọ́ sì gba 140 lọ́wọ́ mi lójú gbogbo ènìyàn; láti ọjọ́ náà, bí ẹnìkejì mi bá ti ń ronú, àpótí ìpè mi ni mo máa ń tẹjú mọ́.

Ẹ jókòó pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n yín kí ìdíje mìíràn tó dé, kí ẹ sì fẹnu kò lórí ohun méjì. Èkíní, ẹni tí ó bá ní ♠ mẹ́fà ni yóò pe 3♠ fúnra rẹ̀, kíákíá, láìfa ọ̀rọ̀ gùn. Èkejì, bí ẹ̀yin bá ní mẹ́rin tí ọwọ́ yín kò sì lágbára, ẹ fò lọ sí 3♠ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tí Ìlà-Oòrùn bá pe 2♥, kí ó lè jẹ́ pé Ìwọ̀-Oòrùn ni yóò máa wo àjà, tí yóò máa ronú bóyá kí òun gun 4♥.