Mémoire, ọmọ méjì, àti agogo méjìlá ọ̀sán

Lẹ́tà tó wọlé sọ́dọ̀ wa rèé:

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́. Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ni mò ń gbé, ní orílẹ̀-èdè Benin. Mo ti parí gbogbo kíláàsì Master mi ní yunifásítì Calavi, mémoire, ìyẹn ìwé ìwádìí àṣekágbá, nìkan ló kù. Ó dá lórí àjọ tí àwọn obìnrin ọjà ń dá ní gbogbo ẹkùn Ouémé. Ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́fà, ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ CI, kíláàsì àkọ́kọ́ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́ta àtààbọ̀, wọ maternelle, ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi. Parakou ni bàbá wọn ti ń ṣiṣẹ́, ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù ló ń wálé. Èmi náà ń ṣiṣẹ́ akọ̀wé láti ọjọ́ Ajé sí Ọjọ́rú. Agogo méjìlá làwọn ọmọ ń jáde, mẹ́ta ni wọ́n ń padà. Èyí kékeré ń ké ní gbogbo àárọ̀ lẹ́nu géètì, èyí àgbà ń gbé iṣẹ́ àṣetiléwá wálé lédè Faransé. Agogo mọ́kànlá alẹ́ ni mo tó ń ráyè ṣí ìwé, kí n tó ka ojú ewé méjì oorun ti gbé mi lọ. Ìyá ọkọ mi tó ń bá wa gbé ní obìnrin tó ti bímọ, kí ló tún ń wá kiri nílé-ìwé. Oṣù Kẹfà ni mo fẹ́ ṣe soutenance, ìyẹn kí n gbèjà mémoire náà níwájú àwọn olùkọ́. Àbí kí n kúkú fi í sílẹ̀? Ṣé ó sì yẹ kí n sọ fún olùkọ́ àwọn ọmọ pé mò ń kàwé? Èmi, Ìyá Bíọ́lá.”

Ìyá Bíọ́lá, ọmọ mi, o kú ìrọ́jú, o kú ọmọ wíwò. Má fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n oṣù Kẹfà tí o fọkàn sí yẹn, yọ ọ́ lọ́kàn, nítorí òun gan-an ló ń lé ọ sáré tí o fi ń sùn lé ìwé.

Jẹ́ ká ṣírò ó pa pọ̀. Semester kan nínú Master jẹ́ 30 crédit (ohun tí wọ́n fi ń díwọ̀n iṣẹ́ ẹ̀kọ́), crédit kan sì dúró fún nǹkan bíi wákàtí 25, kíláàsì àti iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ń dá ṣe pa pọ̀. Bí semester kẹrin rẹ bá jẹ́ ti mémoire nìkan, bó ṣe rí ní ọ̀pọ̀ ẹ̀ka, wákàtí 750 nìyẹn. Ẹni tí kò lọ́mọ, tí kò níṣẹ́, tó ń ṣe wákàtí 35 lọ́sẹ̀, á parí rẹ̀ láàárín oṣù márùn-ún. Ìwọ ńkọ́? Ká ní o ń jí ní agogo mẹ́rin àtààbọ̀ ìdájí, ẹ̀ẹ̀marùn-ún lọ́sẹ̀, o sì jókòó ti ìwé di agogo mẹ́fà: wákàtí méje àtààbọ̀. Ọjọ́bọ̀ àti ọjọ́ Ẹtì tí o kì í lọ síbi iṣẹ́, láti mẹ́jọ sí mọ́kànlá àtààbọ̀: wákàtí méje. Ọjọ́ Àbámẹ́ta, bí ẹnìkan bá gba àwọn ọmọ lọ́wọ́ rẹ: wákàtí mẹ́ta. Gbogbo rẹ̀ di 17 àtààbọ̀. Wàyí o, yọ ìdá kan nínú mẹ́rin kúrò, torí pé ibà ọmọ á dé, ìsọmọlórúkọ á dé, òkú á kú ládùúgbò, iná á lọ. Ó ku nǹkan bíi 13. Bí o bá fi 13 pín 750, ọ̀sẹ̀ 58 ló máa fún ọ. Bí o bá bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ kìíní oṣù Kẹwàá, oṣù Kọkànlá ọdún tó ń bọ̀ lo máa parí. Ìwé tí o ti kà ṣáájú lè gé e kúrú díẹ̀; ọ̀gá tí kì í tètè dáhùn lè fà á gùn.

Igi gańgańran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Lọ bá secrétariat (ọ́fíìsì àwọn akọ̀wé) ẹ̀ka rẹ kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, bi wọ́n ní ohun méjì péré: èló ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó tún orúkọ fi sílẹ̀ fún ọdún kan sí i torí mémoire, àti ọjọ́ wo ni wọ́n ń pa ẹnu ọ̀nà dé lórí ìwé tí a fẹ́ gbé kalẹ̀. Lẹ́yìn náà, sọ oṣù kan ṣoṣo tí o máa parí fún ọkọ rẹ àti ìyá rẹ̀. Ohun tó ń bí àwọn ará ilé nínú jù nínú ọ̀rọ̀ ìwé kíkà ni “ó kù díẹ̀” tí kì í tán.

Ìwé alẹ́, pa á tì. Ẹni tó ti jí láti ìdájí, tó ṣiṣẹ́, tó gbé ọmọ lọ gbé ọmọ bọ̀, ojú rẹ̀ nìkan ló ń kàwé ní mọ́kànlá alẹ́. Wákàtí kan àtààbọ̀ kí wọ́n tó pe ìrun sùbúù àti lẹ́yìn rẹ̀ sàn ju wákàtí mẹ́ta òru lọ, ṣùgbọ́n kò ní ṣiṣẹ́ àfi bí o bá ti sùn ní mẹ́sàn-án àtààbọ̀. Obìnrin tó bá ń jí ní mẹ́rin àtààbọ̀ tó tún ń sùn ní méjìlá, ara rẹ̀ á wó láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, yóò sì gbà pé òun kò ní ọpọlọ ìwé. Kó o tó sùn, ṣí ojú ewé tí o máa bá bẹ̀rẹ̀ kalẹ̀, kọ gbólóhùn kan sórí rẹ̀ nípa ohun tó kàn.

Agogo méjìlá ọ̀sán ni ibi tí nǹkan ti bàjẹ́ jù nínú lẹ́tà rẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbólóhùn kan péré lo fi sọ ọ́. Gbé wọn lọ láàárọ̀, mú wọn ní méjìlá, dá wọn padà ní mẹ́ta, tún lọ mú wọn nírọ̀lẹ́: ìrìn mẹ́rin lójúmọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ogún lọ́sẹ̀, ìwọ nìkan lo sì ń rìn gbogbo rẹ̀. Kọ́kọ́ bi ọ̀gá ilé-ìwé bóyá cantine wà níbẹ̀. Bó bá wà, jẹ́ kí àgbà jẹun níbẹ̀. Èyí kékeré, ní tèmi, kó máa lọ láàárọ̀ nìkan títí sáà kìíní á fi parí, bí olùkọ́ bá gbà. Ọmọ ọdún mẹ́ta tí kò sùn lọ́sàn-án kì í gbọ́ ohun tí wọ́n ń kọ́ ọ mọ́ tó bá di agogo mẹ́rin. Ẹkún ló máa ń gbé wálé.

Ta ló máa mú un ní méjìlá? Ìyá ọkọ rẹ. Mo mọ̀ pé o ti ń mi orí. Ìwé ni ìyá ò fẹ́, kò sọ pé òun ò fẹ́ ọmọ-ọmọ òun. Nítorí náà, má lọ bá a pé kó ràn ọ́ lọ́wọ́ kí o lè kàwé. Kúnlẹ̀, kó o ní: “Ìyá, ọmọ yín ń sunkún nílé-ìwé, ojú yín ló sì máa ń fẹ́ rí bó bá jáde. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa máa mú un lọ́sàn-án.” Má darúkọ mémoire rárá. Kó owó ọbẹ̀ ọ̀sẹ̀ lé e lọ́wọ́ lódindi lọ́jọ́ Àìkú, pẹ̀lú owó zém (ọ̀kadà akérò), má máa já a fún un díẹ̀díẹ̀ láràárọ̀ bí ẹni ń fún ọmọ ọ̀dọ̀. Ohun tó bá sì sè fún un, àkàsà ni o, àbọ́bọ́ ni o, má bá a jà sí i.

Zém ọ̀hún, ẹnìkan ṣoṣo tí ẹ mọ ilé rẹ̀ ni kí ẹ bá sọ̀rọ̀, kí ẹ máa san owó rẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ta kò gbọdọ̀ dá jókòó lẹ́yìn ọlọ́kadà láé. Àgbàlagbà kan gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ tó gbá a mú. Ẹ jẹ́ kó máa gun ọ̀kadà láti apá tí páìpù èéfín kò sí. Wo ojúgun àwọn ọmọ iléèwé Àjàṣẹ́, wàá rí àpá róbótó tí páìpù gbígbóná dá sí wọn lára.

Lẹ́nu géètì, ó jọ pé o máa ń dọ́gbọ́n sá lọ nígbà tí ojú èyí kékeré bá wà níbòmíì. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, jáwọ́. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ pòórá lẹ́ẹ̀kan á máa ṣọ́ ọ títí dé ilé ìwẹ̀. Sọ fún un láti alẹ́ àná pé ilé-ìwé wà lọ́la. Nígbà tí ẹ bá dé ẹnu géètì, bẹ̀rẹ̀ kí ojú yín ṣe déédéé, sọ gbólóhùn kan náà lójoojúmọ́: “Tí ẹ bá ṣeré tán, tí agogo bá lù, ìyá àgbà á wá mú ẹ.” Má sọ “láìpẹ́”, kò mọ ohun tí láìpẹ́ jẹ́. Fi ọwọ́ rẹ̀ lé olùkọ́ lọ́wọ́, yí padà, máa lọ. Má padà wá yọjú lójú fèrèsé, ibẹ̀ ni ẹkún ti ń bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. O lè gé etí gèlè rẹ kan tó ti gbó sí i lápò. Ọ̀pọ̀ ọmọ á gbàgbé ẹkún yẹn láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, á tún sọ jí lọ́jọ́ Ajé àti láàárọ̀ ọjọ́ tí bàbá wọn bá padà sí Parakou. Bó bá kọjá oṣù kan, tàbí tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sílé lẹ́yìn tó ti jáwọ́, tàbí tí orúkọ ẹnìkan níbẹ̀ ń bà á lẹ́rù, lọ jókòó ti olùkọ́ rẹ̀ kí ẹ jọ sọ ọ́.

Ti ọmọ CI rọrùn jù bó o ṣe rò. Ogún ìṣẹ́jú tó fún un, lẹ́yìn tó bá ti jẹun tó ti wẹ̀, kí oorun tó kùn ún. Gbé ardoise (wàláà ìkọ̀wé kékeré) fún un, ṣọ́ọ̀kì kan, àkísà tútù kan. Kó kọ́kọ́ fi Yorùbá sọ ohun tí wọ́n ṣe lónìí fún ọ, lẹ́yìn náà kó kọ lẹ́tà tàbí ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí wọ́n kọ́, kó pa á rẹ́, kó tún un kọ láìwò. Bó bá ṣì í, má gba ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ rẹ̀. Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé kí ẹ máa sọ Faransé nílé kó lè tètè mọ̀ ọ́n. Ọmọ tó lè fi èdè ìyá rẹ̀ ròyìn nǹkan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ti ní ohun tó máa gbé wọ inú Faransé; Faransé tí kò dán mọ́rán nílé á kàn dín ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kù ni. Agogo méje àtààbọ̀ alẹ́, pe bàbá rẹ̀ lórí WhatsApp, kó ka ọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹn fún un. Iṣẹ́ bàbá nìyẹn, lójoojúmọ́. Bó bá sì wálé, òun ló ni àwọn ọmọ láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, kì í ṣe pé ó ń bá ọ dì wọ́n mú. Jáde kúrò nílé pẹ̀lú ìwé rẹ kí ẹnikẹ́ni má bàa máa pè ọ́ torí ṣíbí. Àwọn Àbámẹ́ta tí kò bá sí nílé, wá àbúrò rẹ̀ obìnrin tàbí tìrẹ tó máa gbà wọ́n.

Ká wá dé orí mémoire fúnra rẹ̀. Gbogbo Ouémé pọ̀ jù, ọmọ mi. Ọ̀nà tí o máa rìn nìkan á jẹ wákàtí rẹ tán. Gé e kù sí ọjà Ouando, oríṣi àjọ kan ṣoṣo, obìnrin méjìlá. Bí o bá bá ọ̀kọ̀ọ̀kan sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú 45, wákàtí mẹ́sàn-án ohùn nìyẹn. Wákàtí kan ohùn sì ń gba wákàtí márùn-ún sí mẹ́fà láti kọ sílẹ̀, ká má tíì sọ ti pé Yorùbá àti Gùn ni wọ́n máa sọ, Faransé lo sì máa kọ. Ó kéré tán, wákàtí 45 sí 54, ìyẹn ìjókòó ìdájí 30 sí 36. Ibí yìí ni àwọn tó mú ogójì èèyàn ti máa ń rì. Lọ kí ìyálọ́jà kó o tó bi ẹnikẹ́ni léèrè, lọ lọ́jọ́ tí ọjà kò kún, gbàṣẹ lọ́wọ́ obìnrin náà kó o tó tan ẹ̀rọ fóònù, kí ẹ sì jìnnà sí ibi tí wọ́n ti ń lọ ata.

Ọ̀gá tó ń darí rẹ, máa kọ̀wé sí i lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì, ọjọ́ kan náà, ìlà márùn-ún: ohun tí o ṣe, ìbéèrè kan tó lè fi bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ dáhùn, ohun tí o máa ṣe tẹ̀ lé e bí o kò bá gbọ́ nǹkan. Bó bá dákẹ́, ṣe ohun tí o ní o máa ṣe. Calavi, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù tó. Kúrò ní Àjàṣẹ́ kí agogo mẹ́fà tó lù kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Kútọnu má bàa jẹ ọjọ́ rẹ, kí o sì kó ìwé tí o fẹ́ yá, ohun tí o fẹ́ tẹ̀ àti ìbuwọ́lùwé pọ̀ sọ́jọ́ kan. Láràárọ̀ tí o bá ti kọ nǹkan tán, fi í ránṣẹ́ sí í-méèlì ara rẹ, torí kọ̀ǹpútà àti ife omi ọmọ ọdún mẹ́ta kì í ṣọ̀rẹ́. Kó àwọn iṣẹ́ tí kò nílò orí pípé jọ sápá kan, bí orúkọ ìwé tí a tò àti nọ́ńbà ojú ewé, fún ọjọ́ tí ọmọ bá ń ṣòjòjò. Ibà ọmọdé ní tiẹ̀, má fi egbòogi ṣeré: kí ọjọ́ kan tó kọjá, gbé e lọ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò.

Oúnjẹ kò yẹ kó gba orí rẹ púpọ̀. Ọbẹ̀ ata ọjọ́ Àìkú dé Ọjọ́rú, òmíràn ní Ọjọ́rú; jẹ́ kó tutù dáadáa kó o tó gbé e sí fìríìjì, sì tún un hó bí iná bá ti lọ pẹ́. Ilé-ìwé ìjọba kò gba owó ẹ̀kọ́ ní maternelle àti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 2006, ṣùgbọ́n owó ẹgbẹ́ àwọn òbí àti káákì wà níbẹ̀. Rán káákì méjì fún àgbà, kí o má bàa máa fọṣọ lálẹ́ Ọjọ́rú.

O bi mí níparí bóyá kí o sọ fún olùkọ́ wọn pé o ń kàwé. Kò pọn dandan. Ohun tó yẹ kó ní lọ́wọ́ ni ìwé pélébé kan tí o kọ orúkọ àwọn méjì péré tó lè wá mú ọmọ sí, nọ́ńbà wọn, àti ọjọ́ tí o máa wà ní Calavi lóṣù yìí, kó má bàa máa pe fóònù rẹ nígbà tí o bá wà níwájú ọ̀gá rẹ, tí ìyá àgbà sì wà nílé, ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí géètì.