Fáìlì yìí, inú package wo ló wà?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí, Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo wà. Ubuntu 24.04 ló wà lórí laptop mi. Mo fẹ́ compile iṣẹ́ àṣetiléwá kan, gcc tó ń sọ kóòdù C di ètò bá ní “fatal error: zlib.h: No such file or directory”. Mo kọ “sudo apt install zlib”, apt, tó ń bá Ubuntu gbé ètò wọlé, ní kò sí package (àkójọ fáìlì tí wọ́n dì pọ̀ fún ètò kan) tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi wá ní kí n gba zlib.h láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, kí n jù ú sínú /usr/include. Ṣé kí n ṣe bẹ́ẹ̀?

ÌDÁHÙN: Àbúrò, má dán an wò. Èmi náà ti ṣe irú ẹ̀ rí. Fáìlì .so kan (kóòdù tí ọ̀pọ̀ ètò jọ máa ń lò) ni mo gbà láti ojúlé tí n ò mọ ẹni tó ni ín, mo gbé e lé orí èyí tó wà ní /usr/lib tẹ́lẹ̀. Ètò tí mo torí ẹ̀ ṣe é ṣí wẹ́rẹ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, mẹ́ta mìíràn kọ̀, wọn ò ṣí mọ́. Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi ń wá ohun tó ṣẹlẹ̀, kí n tó rántí pé ọwọ́ ara mi ni mo fi gbé e síbẹ̀. apt ò lè bá mi rántí, kò kúkú mọ̀ pé mo gbé nǹkan kan wọlé.

Package tí ò ń wá ń jẹ́ zlib1g-dev. Ta ló fẹ́ méfò ìyẹn? Jean-loup Gailly àti Mark Adler ló kọ zlib, tó máa ń fún fáìlì pọ̀ kó lè kéré, tó sì tún ń tú u. 1 yẹn dúró fún ẹ̀yà rẹ̀. Ti g ló dùn mọ́ mi: nígbà tí Debian, tí Ubuntu ti jáde wá, ń kúrò lórí libc5 bọ́ sórí glibc (àwọn méjèèjì jẹ́ àkójọ kóòdù ìpìlẹ̀ tí àwọn ètò C ń lò), èyí tó parí sí Debian 2.0 lọ́dún 1998, wọ́n fi g sàmì sí àwọn package tí wọ́n tún ṣe fún glibc. libc5 ti kú tipẹ́, g ò kúrò, àfi bí ilà ojú. Inú èyí tó bá ní -dev ni àwọn fáìlì .h tí gcc ń béèrè máa ń wà.

Nítorí náà, má máa méfò. Fáìlì tó bá ti wà lórí ẹ̀rọ rẹ, dpkg, tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ àwọn package tó ti wọlé, ló mọ package tó ni ín. Kọ “dpkg -S /usr/bin/gcc” kó o wò ó. (Bó bá jẹ́ /usr/bin/vi lo bi í, ó lè ní òun ò mọ̀ ọ́n, torí ìtọ́ka lásán ni. Kọ́kọ́ fi “readlink -f” wá ibi tó ń tọ́ka sí.)

Ṣùgbọ́n zlib.h tìẹ kò tíì wọlé, dpkg ò sì mọ ohun tí kò sí nílé. apt-file ló máa bá ọ wá a:

sudo apt install apt-file
sudo apt-file update
apt-file search -x '/include/zlib\.h$'

Má gbàgbé $ ìparí yẹn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ gbogbo fáìlì tí orúkọ ẹ̀ bá fara pẹ́ ẹ ni yóò ya lù ọ́. O lè rí ìlà tó ní mingw nínú. Ti àwọn tó ń ṣe ètò fún Windows nìyẹn, fò ó. Mú èyí tó ní /usr/include/zlib.h gan-an.

“update” yẹn máa ń jẹ dátà o. Bí tìẹ bá ti ń tán lọ, lo fóònù: lọ sí packages.ubuntu.com, wá ibi tí wọ́n kọ “Search the contents of packages” sí, kó o sì mú noble, torí orúkọ 24.04 nìyẹn. Ẹni tó bá ń lo Fedora, “dnf provides '*/zlib.h'” ti tó o.

Tó o bá ti fi zlib1g-dev sórí ẹ̀rọ, tí gcc tún wá ń pariwo “undefined reference to `inflate'”, kì í ṣe package ló kù mọ́. Fi -lz, tó ń sọ fún gcc kó so zlib mọ́ ètò rẹ, sí ìparí àṣẹ rẹ, lẹ́yìn orúkọ fáìlì .c.