Ẹrù ẹ ni lóòótọ́, àmọ́ má gba ojú fèrèsé wọlé

Àbúrò mi, mo ti ka ohun tó o kọ. O ní ìwọ àti ọkùnrin tẹ́ ẹ jọ ń gbé jà, o jáde nílé, ó pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ lẹ́yìn ẹ, aṣọ ẹ, laptop, fíríìjì, pásípọ́ọ̀tù àti sátífíkéètì ẹ dẹ̀ wà nínú ilé, ó wá ń sọ pé ẹni tó bá ti jáde ò lẹ́rù kankan níbẹ̀ mọ́. O wá ń bèèrè bóyá o lè gba ojú fèrèsé wọlé lọ kó o, ṣebí tìẹ ni. Jọ̀ọ́, má dán an wò. Irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí mi, ìbátan mi kan la jọ gba ilé, orúkọ tiẹ̀ nìkan ló wà nínú ágírímẹ́ǹtì, èmi kàn ń fún un ní ìdá tèmi ni, ìjà dé, mo dé láti ibi iṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ kan, kọ́kọ́rọ́ mi ò ṣílẹ̀kùn mọ́.

Ohun tí lọ́yà kọ́kọ́ là yé mi nìyí: ọ̀tọ̀ ni ẹ̀tọ́ tó o ní lórí ẹrù, ọ̀tọ̀ ni ẹ̀tọ́ láti wọ ilé tí ẹrù ọ̀hún wà. Ẹrù ẹ ò lè di tiẹ̀ torí pé o ò sùn síbẹ̀ mọ́. Àmọ́ tó o bá já wọlé, òun ló máa sáré pe ọlọ́pàá, ìwọ tí wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé ẹrù ẹ á wá di ẹni tó fọ́lé onílé, àlàyé ẹ á dẹ̀ pọ̀ ju tiẹ̀ lọ.

Tórúkọ ẹ bá wà nínú ágírímẹ́ǹtì, ọ̀rọ̀ yàtọ̀ pátápátá o. Ọ̀pọ̀ ibi ni òfin ò ti gbà kí ẹnikẹ́ni, títí kan lándílọ́ọ̀dù fúnra ẹ̀, ti ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ àtigbé ilé síta láì gba kọ́ọ̀tù kọjá. Ní England, Protection from Eviction Act 1977 sọ ọ́ di ọ̀ràn, Tenancy Law ti ìpínlẹ̀ Èkó tó jáde ní 2011 náà fi owó ìtanràn tàbí ẹ̀wọ̀n sí i fẹ́ni tó bá fipá lé tẹ́náńtì jáde. Tẹ́ ẹ bá ti ṣègbéyàwó lábẹ́ òfin náà, bèèrè dáadáa, torí àwọn ibì kan wà tí ìyàwó tàbí ọkọ ti lẹ́tọ̀ọ́ àtigbé inú ilé bórúkọ ẹ̀ ò tiẹ̀ sí lórí ìwé.

Ká ní kò sórúkọ ẹ níbẹ̀, bíi tèmi, ìwé ni kó o kọ́kọ́ kọ. Kì í ṣe ìpè o, ìpè ò ní ẹ̀rí. Fi sí WhatsApp tàbí email, ka àwọn ẹrù ọ̀hún lọ́kọ̀ọ̀kan, mú ọjọ́ méjì sílẹ̀ tó o lè wá kó o, sọ ẹni tó máa tẹ̀ lé ẹ wá. Lábẹ́ òfin tó ṣẹ̀ wá látọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ìgbà tó o bá bèèrè ẹrù ẹ tó kọ̀ láti gbé e fún ẹ ni ẹjọ́ ẹ sábà máa ń dúró dáadáa, ohun tí adájọ́ máa kọ́kọ́ bi ẹ nìyẹn, ṣé o bèèrè, kí ló dẹ̀ fi dá ẹ lóhùn. Ìbátan mi fèsì pé "tó o bá tó bẹ́ẹ̀, wá kó o". Inú lọ́yà mi dùn sí mẹ́sẹ́ẹ̀jì yẹn ju gbogbo ìwé tí mo kó dání lọ! Ìwọ ṣá má bú u padà, torí wọ́n máa ka tìẹ náà.

Lẹ́yìn náà ni mo lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́ bá mi dúró kí n kó ẹrù mi. Ó yẹ kó o mọ̀ pé wọn kì í dájọ́ ẹni tó lẹrù, torí kí ìjà má bàa bẹ́ sílẹ̀ nìkan ni wọ́n ṣe máa bá ẹ wá. Ohunkóhun tẹ́ ẹ bá ń fà mọ́ra yín lọ́wọ́, wọ́n máa ní kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀ di kọ́ọ̀tù. Ìbátan mi ní òun lòun ni laptop. Ọlọ́pàá yí i dà, ó ń ka nọ́ńbà wínníwínní tó wà lábẹ́ ẹ̀ síta, èmi ń fìka tọ̀ ọ́ lórí rìsíìtì, kò tíì kà á dé ìdajì tí ìbátan mi ti wọ yàrá lọ. Tẹlifíṣọ̀n tá a jọ dáwó rà, mo fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ̀bùn tó o ti fún un tẹ́lẹ̀ náà, gbàgbé ẹ̀, ohun tó ti di tẹni, ó ti di tẹni.

Nínú mẹ́sẹ́ẹ̀jì tó o máa kọ sí i, pásípọ́ọ̀tù ni kó o kọ sókè pátápátá. Ìjọba tó ṣe é ló ni ín, ẹnikẹ́ni ò lè fi í dógò fún ọ̀rọ̀ ìfẹ́.

Tó bá dá ọjọ́ fún ẹ pé kó o wá kó o, jọ̀ọ́ lọ, kódà tó o bá ṣì ń bínú. Kò lẹ́tọ̀ọ́ láti dáná sun ún tàbí kó tà á jẹ, àmọ́ lọ́dọ̀ àwọn ará England, Torts (Interference with Goods) Act 1977 gba ẹni tẹ́rù wà lọ́wọ́ ẹ̀ láyè láti tà á lẹ́yìn tó bá ti fún olówó ẹ̀ ní ìwé ìkìlọ̀ àti àsìkò tó tó, kó wá fún un ní owó tó kù lẹ́yìn ìnáwó. Dákẹ́dákẹ́ ò dáa rárá.

Kọ́ọ̀tù kékeré ló kù tó bá kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n lè pàṣẹ pé kó kó o fún ẹ tàbí kó san owó ẹ̀, owó tó tó àlòkù ni o, kì í ṣe iye tó o fi rà á ní títun. Ìdí nìyẹn tí mo fi fi mátírẹ́ẹ̀sì tèmi sílẹ̀ fún un, wàhálà ẹ̀ ti ju iye ẹ̀ lọ.

Ta ló sanwó fíríìjì yẹn gan-an? Ṣé rìsíìtì ẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹ, àbí áláàtì báǹkì? Dá mi lóhùn kó o tó kọ mẹ́sẹ́ẹ̀jì yẹn sí i, torí fíríìjì nìkan ni mo rí nínú gbogbo ohun tó o kà tó lè dìjà gidi.