Èsì: Gbígba ọmọ ẹ̀gbọ́n tọ́ láti Ìkòròdú lọ sí Amẹ́ríkà

Àǹtí, ẹ má tíì sanwó fún lọ́yà. Ẹ ní ẹ̀gbọ́n yín obìnrin ní Ìkòròdú fẹ́ fún yín ní ọmọ rẹ̀ mú lọ sí Amẹ́ríkà, ẹ ò sọ bóyá bàbá ọmọ wà. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Bí bàbá àti ìyá bá jọ ń tọ́ ọ, òfin Amẹ́ríkà kò ní kà á sí ọmọ òrukàn, bẹ́ẹ̀ ọmọ òrukàn ni ọ̀nà yìí wà fún. Nílé wa, ta ló ń béèrè ìyẹn!

Bí ẹ̀gbọ́n yín bá jẹ́ opó, tí apá rẹ̀ ò ká ọmọ náà, ọ̀nà wà, bí ẹ̀yin tàbí ọkọ yín bá jẹ́ ọmọ onílùú Amẹ́ríkà. Gíríìnì káàdì nìkan kò tó.

Ẹ kọ́kọ́ fi fọ́ọ̀mù I-600A, èyí tí ìjọba Amẹ́ríkà fi ń wò ó bóyá ẹ yẹ láti gba ọmọ tọ́, sílẹ̀, kí wọ́n yẹ ilé yín wò. Lẹ́yìn náà, ẹ gba àṣẹ ìgbàtọ́ ní ilé ẹjọ́ l'Ékòó, kì í ṣe ìwé ìbúra lásán. Fọ́ọ̀mù I-600, ti ọmọ náà fúnra rẹ̀, gbọ́dọ̀ wọlé kí ọmọ tó pé ọdún 16.