Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ṣé Èdè Finnish Le Tó Bí Wọ́n Ṣe Ń Sọ?

Ìbéèrè: Olóòtú ọ̀wọ́n, ọdún méjì ni mo ti fi kọ́ èdè Jámánì, ó sì ń wù mí báyìí kí n kọ́ èdè Finnish, ti àwọn ará Fínlándì. Nígbà tí mo dá a lábàá láàárín àwa akẹ́kọ̀ọ́, ńṣe ni wọ́n ń fi mí rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo a máa gba ìrísí 15 nínú èdè náà, àti pé àjèjì kì í kọ́ ọ yanjú. Ẹ jọ̀wọ́, ṣé òótọ́ ni? Bí ó bá sì rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí ìyìn rẹ̀ kì í kúrò lẹ́nu àwọn tó kọ́ ọ?

Ìdáhùn: Iye náà pé; 15 ni ìwé gírámà máa ń kà. Àmọ́ ibi tí àwọn ẹlẹgbẹ́ yín ní kí ẹ máa bẹ̀rù kọ́ ni wàhálà wà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìrísí yẹn ń ṣe iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ atọ́kùn ń ṣe nínú èdè mìíràn, ìyàtọ̀ rẹ̀ kò sì ju pé a so ó mọ́ ìparí ọ̀rọ̀ dípò kí a gbé e ṣíwájú. Ẹ mú talo, èyí tí í ṣe ilé. “Nínú ilé” ni talossa, “láti inú ilé” ni talosta, “sínú ilé” ni taloon. Bí ilé náà bá jẹ́ tèmi, n óò fi àfòmọ́ kan sí i, yóò di talossani, nínú ilé mi. Bí mo bá sì fẹ́ sọ pé nínú ilé tèmi pẹ̀lú, yóò di talossanikin. Bí ẹni ń to bíríkì lérí ara wọn ni. Mẹ́ta nínú ìrísí 15 yìí kì í tilẹ̀ fi bẹ́ẹ̀ jáde lẹ́nu àwọn tó ni èdè, àyàfi nínú ìwé àti nínú àwọn ìpèdè kan tó ti dì bí òwe.

Ẹ wá fi wé èdè Jámánì tí ẹ ti kọ́, níbi tí tábìlì ti jẹ́ akọ, tí ilẹ̀kùn jẹ́ abo, tí ọmọdébìnrin kò sì jẹ́ ọ̀kankan nínú méjèèjì. Kò sí irú ìyẹn rárá nínú èdè Finnish. Hän ni ọkùnrin, hän náà ni obìnrin, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ṣe ń lo “òun” fún àwọn méjèèjì. Wọn kò ní ohun tó dà bí der, die àti das tí Jámánì ń fi ṣíwájú ọ̀rọ̀-orúkọ, wọn kò sì ní ìrísí ọ̀rọ̀-ìṣe fún ọjọ́ iwájú. “Ọ̀la” tí wọ́n bá fi sínú gbólóhùn ni yóò sọ ìgbà.

Ọmọ Yorùbá tún ní àǹfààní kan níbẹ̀, nítorí pé àǹkóò fáwẹ̀lì kì í ṣe àjèjì sí i. A ní olè, a ní ọ̀lẹ, ṣùgbọ́n a kì í sábà bá o àti ẹ pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ kan tí a kò yá, tí a kò sì fi ọ̀rọ̀ méjì kàn pọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni a, o àti u kì í bá ä, ö àti y gbé inú ọ̀rọ̀ Finnish kan náà. E àti i nìkan ló ń bá ìhà méjèèjì ṣe. Àfòmọ́ pàápàá gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e: nínú ilé ni talossa, àmọ́ nínú igbó ni metsässä.

Níbo wá ni wàhálà wà? Ó wà nínú gígùn ìró. Ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ ni etí tiwa ń ṣọ́, òun ló ń jẹ́ ká mọ igbá yàtọ̀ sí ìgbà; gígùn àti kúkúrú ni etí tiwọn ń ṣọ́, ti fáwẹ̀lì àti ti kọ́ńsónáǹtì pọ̀. Tuli ni iná, tuuli ni afẹ́fẹ́, tulli sì ni iṣẹ́ àwọn aṣọ́bodè. Ẹni tó bá fẹ́ sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé òun yóò pàdé rẹ̀ lọ́la yóò wí pé tapaan sinut huomenna. Bí ó bá gé a yẹn kúrú díẹ̀, tó di tapan sinut huomenna, ó ti ṣèlérí láti pa á nìyẹn. (“Pa” àti “pàdé” tiwa náà kò jìnnà síra, àmọ́ a kì í ṣi ọ̀kan gbọ́ fún èkejì.)

Ìṣòro kejì ni pé inú ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ a máa yí nígbà tí àfòmọ́ bá bà lé e. Tábìlì ni pöytä, ṣùgbọ́n lórí tábìlì ni pöydällä. T ti di d. Ìlú Turku a máa sọ k rẹ̀ nù, tí “ní Turku” yóò fi di Turussa, Helsinki, olú-ìlú wọn, náà a sì di Helsingissä. Ìlànà wà fún un, àmọ́ ó pẹ́ kó tó mọ́ ẹnu lára.

Ní ti ìyìn tí ẹ béèrè, ohun kan ló mú èmi fẹ́ràn rẹ̀ jù. Ìparí ọ̀rọ̀ ni wọ́n fi ń sọ bóyá iṣẹ́ parí. Luin kirjan: mo ka ìwé náà tán. Luin kirjaa: mo ń kà á lọ, n kò sọ pé ó tán. Lẹ́tà kan péré ni ìyàtọ̀, kò sì sí lára ọ̀rọ̀-ìṣe, ara “ìwé” ló wà. Bí wọ́n bá wá fẹ́ sọ pé “mo nífẹ̀ẹ́ rẹ”, ìrísí kejì, ti ohun tí kò tíì tán, ni wọ́n máa ń lò: rakastan sinua. Onímọ̀ èdè lè ní mo ń wá ewì níbi tí kò sí ewì. N kò ní bá a jà.

Ìbéèrè: Mo rò pé àwọn èdè tó múlé ti ara wọn máa ń jọra. Kí ló fà á tí èdè Finnish kò fi jọ ti Swídìn tàbí ti Rọ́ṣíà?

Ìdáhùn: Ìdílé wọn kì í ṣe ọ̀kan. Èdè Swídìn àti ti Rọ́ṣíà jẹ́ ti ìdílé Indo-European, bíi Gẹ̀ẹ́sì àti Híńdì. Ìdílé Uralic ni Finnish. Èdè Ẹstóníà wà lára àwọn ẹbí rẹ̀ tó sún mọ́ ọn, ti àwọn Sámi, ọmọ onílẹ̀ ìhà àríwá, jìnnà díẹ̀, ti Húngárì sì jẹ́ ẹbí tí ó kù sínú ìwé àwọn onímọ̀, nítorí onílé kan kò lè gbọ́ ti èkejì.

Síbẹ̀, aládùúgbò a máa yá nǹkan. Kuningas, tí í ṣe ọba, jẹ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n yá ní ayé àtijọ́ lọ́wọ́ àwọn baba ńlá èdè Jámánì àti Gẹ̀ẹ́sì, ó sì jọ bí àwọn yẹn ṣe ń pè é nígbà náà ju König tàbí king òde òní lọ. Ayáṣọ ló tọ́jú aṣọ ju aláṣọ. Skola, ilé ẹ̀kọ́ ní èdè Swídìn, di koulu, nítorí pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ wọn kì í fi kọ́ńsónáǹtì méjì bẹ̀rẹ̀. Wọ́n gé ọ̀kan sọ nù, níbi tí àwa ìbá ti ki fáwẹ̀lì sáàárín, bí a ti ṣe sí búrẹ́dì.

Abẹ́ Swídìn ni Fínlándì wà títí di 1809 tó bọ́ sọ́wọ́ Rọ́ṣíà, èdè Swídìn ló sì jẹ́ ti ìjọba àti ti ọ̀mọ̀wé. Àlùfáà kan, Mikael Agricola, tẹ ìwé ìkàwé àkọ́kọ́ ní èdè Finnish ní 1543, àmọ́ ó di 1863 kí ọba Rọ́ṣíà, Alexander Kejì, tó pàṣẹ pé kí èdè náà bá ti Swídìn dọ́gba láàárín 20 ọdún. Ní ọ̀rúndún yẹn ni àwọn ọ̀mọ̀wé wọn ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ lọ́pọ̀ yanturu, ìṣe náà kò sì tíì kúrò lára wọn. Puhelin, tẹlifóònù, wá láti ara puhua, kí á sọ̀rọ̀. Tietokone, kọ̀ǹpútà, ni ẹ̀rọ ìmọ̀. Àwa náà ṣẹ̀dá ẹ̀rọ ayára-bí-àṣá, àmọ́ àwọn ń fi tiwọn sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́.

Ìbéèrè: Mo ka ìwé Finnish fún odidi ọdún kan, mo sì ń yege ìdánwò. Ìgbà tí mo gbọ́ àwọn ọ̀dọ́ Helsinki lórí rédíò, n kò gbọ́ nǹkan kan. Ṣé èdè mìíràn ni?

Ìdáhùn: Èdè kan náà ni, ti ẹnu ni ìwé kò kọ́ yín. Minä olen, “èmi ni”, tí ẹ há sórí ni wọ́n ń pè ní mä oon. Sinä, ìwọ, di sä; yksi, ení, di yks; kaksi, èjì, di kaks. Hän pàápàá ṣọ̀wọ́n lẹ́nu wọn. Se, ọ̀rọ̀ tí ìwé ní ó wà fún nǹkan àti ẹranko, ni wọ́n ń pe ènìyàn láìsí ìwọ̀sí kankan níbẹ̀, tí àwọn mìíràn yóò sì máa pe ajá wọn ní hän.