Èsì: Ọ̀tọ̀ ni honky-tonk, ọ̀tọ̀ ni outlaw

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ béèrè bóyá ọ̀kan náà ni honky-tonk àti outlaw, ẹ̀ka méjì nínú orin country ti Amẹ́ríkà, àti àwo ìwòyí tí ẹ ti lè gbọ́ méjèèjì.

Honky-tonk ni orin ilé ọtí: pedal steel (gìtá tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀, tó ní ohun ìfẹsẹ̀tẹ̀) tó ń ké bí ẹni tó ń sunkún, gòjé, ọ̀rọ̀ ọtí àti ìfẹ́ tó dàrú. (Pedal steel yìí náà ni Sunny Adé mú wọ jùjú; Dẹ́mọ́lá Adépọ̀jù ló ń ta á.) Ní ti outlaw, ìjà àṣẹ ni. Ní Nashville, ìlú tó jẹ́ ojúlé orin country, ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù ló máa ń yan ẹni tó máa ta gìtá fún olórin nígbà náà. Olórin outlaw kan, Waylon Jennings, kọ̀ jálẹ̀, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ló fẹ́ lò. Àwo rẹ̀ ti 1973, Honky Tonk Heroes, ló so méjèèjì pọ̀.

Nínú ti ìwòyí, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ Midwest Farmer's Daughter ti Margo Price, 2016. Sun Studio ní Memphis ló ti gbà á sílẹ̀. Kí owó iṣẹ́ náà tó pé, òun àti ọkọ rẹ̀ ta mọ́tò, òrùka ìgbéyàwó sì di ìdógò! Kí ẹ wá bọ́ sórí Metamodern Sounds in Country Music ti Sturgill Simpson, 2014. Ohùn rẹ̀ jọ ti Waylon débi pé ó ń bà mí lẹ́rù, àmọ́ Jésù, Buddha àti oògùn olóró ló fi bẹ̀rẹ̀.

Traveller ti Chris Stapleton náà dùn, ṣùgbọ́n lójú tèmi, sóòlù, ìyẹn orin soul ti àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, ló pọ̀ jù níbẹ̀.